Kì í Ṣe Gbogbo Omi Inú Àyà Ni Kòkòrò Fà

"Òtútù ló wọ̀ ẹ́ láyà. Ṣé mi ò sọ fún ẹ kó o yé fi fáànù sùn?" Ohun tí ìyá wa sọ nìyẹn nígbà tí àbúrò mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀gbẹ́ mú. Ańkárá ló ń tà lọ́jà Sábó, níbí ní Ìkòròdú. Ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń dé òpin ìlà ìsọ̀ tó bá ń pe oníbàárà, kò lè pe èèyàn méjì tẹ̀léra mọ́ kó tó dúró mí. Lálẹ́, ìrọ̀rí mẹ́ta ló ń kó sẹ́yìn, torí bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí á há.

Kẹ́míìsì àdúgbò fún un ní Ampiclox. Ìyẹn ò ṣiṣẹ́, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Ìgbà tó yá, ilé ìwòsàn kan ya àwòrán àyà rẹ̀, wọ́n ní omi ti gbá jọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lápá òsì, ikọ́ ife ni. Láti ọjọ́ náà la ti ya abọ́ àti kọ́ọ̀bù rẹ̀ sọ́tọ̀, a sì ní kí àwọn ọmọ yé sùn tì í. Ó ṣì ń dùn mí.

Ìgbàgbọ́ tó mú wa ṣe bẹ́ẹ̀ wà nílé púpọ̀: omi inú àyà, kòkòrò ló fà á, bí oògùn kòkòrò kan ò bá ràn án, ká wá èyí tó le jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo inú àyà ná. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan bo ẹ̀dọ̀fóró, èkejì lẹ̀ mọ́ abẹ́ egungun ìhà. Omi díẹ̀, tí kò ju ṣíbí kan tàbí méjì lọ, wà láàárín wọn kí wọ́n lè máa yọ̀ lára ara wọn bá a ṣe ń mí. Bí awọ yìí bá wú, omi á máa sun sáàárín wọn, á sì máa tẹ ẹ̀dọ̀fóró mọ́lẹ̀. Bí èèyàn bá wá mí kanlẹ̀, á dà bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gún un. Kòkòrò lè fà á. Jẹjẹrẹ lè fà á. Ọkàn tí kò lágbára mọ́ náà lè mú kí omi gbá jọ síbẹ̀. Ara fúnra rẹ̀ sì lè fà á.

Àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa bá kòkòrò jà lè kọjú ìjà sí onílé. Ọ̀kan lára irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ni lupus. Nínú èèyàn 10 tó ní in, nǹkan bíi 9 ló jẹ́ obìnrin, àwọn tó ṣì wà lọ́jọ́ orí ọmọ bíbí ló sì pọ̀ jù. Ó lè mú oríkèé, awọ ara, kíndìnrín, ó sì lè mú awọ ẹ̀dọ̀fóró yẹn. Ampiclox kò lè rí nǹkan kan ṣe sí i, torí kò sí kòkòrò tó máa pa.

Mi ò bá dókítà tó kọ́kọ́ ronú kan ikọ́ ife jà. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ikọ́ ife ti pọ̀ jù láyé, àmì méjèèjì sì jọra bí ìbejì: ibà, ikọ́ gbígbẹ, kí èèyàn máa rù. Kòkòrò ikọ́ ife kì í sì í pọ̀ nínú omi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, àyẹ̀wò lè má rí i bó tiẹ̀ wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀ oògùn nígbà míì láìtíì rí kòkòrò kankan. Àbúrò mi lo tirẹ̀ tọkàntọkàn, ìtọ̀ rẹ̀ ń pọ́n bíi Fanta bí oògùn náà ṣe máa ń ṣe, síbẹ̀ omi ò gbẹ. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé isoniazid, tó wà lára oògùn ikọ́ ife, lè fa àìsàn tó jọ lupus fún àwọn èèyàn díẹ̀, tòun ti omi inú àyà. Kì í ṣe ohun tó yẹ kó mú ẹnikẹ́ni dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ o. Dókítà ni kí ẹ bi.

Nílé ìwòsàn kejì, dókítà obìnrin kan ò tíì wo fọ́tò àyà tó fi di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó ń tẹ oríkèé ìka lọ́kọ̀ọ̀kan. "Àǹtí, ṣé ọwọ́ yín máa ń gan láàárọ̀?" Ìgbà yẹn ló rántí pé ó ti pẹ́ tóun kì í lè ká aṣọ kí agogo mẹ́wàá tó lù. Irun rẹ̀ ń jábọ́. Ojú rẹ̀ dúdú láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan kọjá lórí imú dé èkejì, bí ìyẹ́ labalábá, a rò pé ìpara ló bà á jẹ́. Ìwé a máa sọ pé àmì yìí máa ń pọ́n, ṣùgbọ́n lára aláwọ̀ dúdú, ó lè ṣú.

Wọ́n ní kó jókòó, kó gbá ìrọ̀rí mọ́ra, wọ́n sì ki abẹ́rẹ́ bọ àárín ìhà rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Omi tó jáde mọ́ gaara, ó pupa rúsúrúsú bí ìyeyè. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n yẹ ìtọ̀ wò nítorí kíndìnrín, wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ANA, tó ń wá àmì pé àwọn ọmọ ogun ara ń bá onílé jà. Ìyẹn nìkan kò tó, torí ara ẹni tó le koko náà lè gbé àmì yẹn jáde, ni wọ́n fi fi anti-dsDNA kún un, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ míì tó túbọ̀ ń tọ́ka sí lupus gan-an. Lupus ni.

Ẹ má torí èyí lọ ra prednisolone, oògùn tó ń dín agbára àwọn ọmọ ogun ara kù, ní kẹ́míìsì. Ó lè mú kí omi gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ikọ́ ife ló wà níbẹ̀, ó máa so ọwọ́ àwọn ọmọ ogun ara, kòkòrò á sì ráyè gbilẹ̀.

Lupus kì í ràn, ì báà jẹ́ nínú abọ́, lórí ibùsùn tàbí láàárín lọ́kọláya. Hydroxychloroquine, oògùn tó jẹ́ ìbátan klorokúínì tí gbogbo wa fi wo ibà, ni àbúrò mi ń lò lójoojúmọ́ báyìí. Ó ní láti máa lọ yẹ ojú wò, torí oògùn náà lè ba ojú jẹ́ bó bá pẹ́. Bó bá sì lóyún, kò ní láti pa oògùn náà tì.