Efinrin Àjàṣẹ́: Àjàṣẹ́ Wo?

Efinrin ńlá tó ń hù lẹ́yìn balùwẹ̀ wa ní orúkọ kejì: efinrin àjàṣẹ́. Àjàṣẹ́ méjì sì ni Yorùbá mọ̀. Ọ̀kan ni ìlú tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo, létí ọ̀sà ní orílẹ̀-èdè Benin. Èkejì ni Àjàṣẹ́-Ìpo, ìlú Olúpo, nílẹ̀ Ìgbómìnà, níbi tí ẹni tó ń ti Ìlọrin bọ̀ ti ń yà sí Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán. Ẹni tó bá ní ti Porto-Novo ni orúkọ náà, pé ọkọ̀ Potogí ló gbé ewé náà wá, kò wọ̀ mí létí. Ewé tó ń hù fúnra rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà olóoru, kí ló fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi ṣe?

Bí èmi ṣe rò ó nìyí. Oríta ni Àjàṣẹ́-Ìpo. Aláàárù tó ru iṣu lọ sí Ìlọrin á sọ̀ níbẹ̀, á sinmi. Èso efinrin kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Òdòdó gbígbẹ kan péré tó bá há sínú ìdì iṣu, ó tó. Ìyàwó ilé kan ní Pàkátà, nílùú Ìlọrin, á bèèrè pé, "Ewé wo lèyí?" Aláàárù á ní, "Ti Àjàṣẹ́ ni." Orúkọ lẹ̀ nìyẹn. Ta ló ń kọ ọ̀rọ̀ ewé ọbẹ̀ sílẹ̀ láyé ọjọ́un?

Efinrin gan-an ńkọ́? Èéfín ni mo máa ń gbọ́ nínú rẹ̀, nítorí a máa ń da ewé rẹ̀ sórí ẹyin iná kí ẹ̀fọn lè sá. Ẹ̀yin onímọ̀ èdè, ẹ má bínú. Daidoya ni àwọn Hausa ń pè é ní tiwọn.

Lọ́dún 1753 ni Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, fún un ní orúkọ Látìn: gratissimum, èyí tó dùn mọ́ni jù. Efinrin àwọn òyìnbó ló wá pè ní basilicum, ti ọba! Èyí tí kì í sábà ju ọdún kan lọ kó tó kú ló dé ládé, tiwa tí igi rẹ̀ ń le, tó lè ga ju ènìyàn lọ, kò rí oyè jẹ.

Ẹ̀ka rẹ̀ la ń ya gbìn. Bó bá jẹ́ èso, ẹ má bò ó jìn. Ẹ máa já òdòdó rẹ̀ kó tó so, kí ewé lè pọ̀. Ìyá àgbà mi ní òwúrọ̀ ni kí n máa já a, kí oòrùn tó gba òórùn rẹ̀ lọ. Ọbẹ̀ ẹja tútù ló gbà á jù, ìgbà tí a bá sì fẹ́ sọ ìkòkò kalẹ̀ la ń rẹ́ ẹ sí i.

Nísinsìnyí, àwọn ọ̀dọ́ Tánkẹ̀ ní Ìlọrin ń gbin basil, efinrin òyìnbó yẹn, sínú ike nítorí pizza. Ọ̀kan nínú wọn já efinrin wa dípò rẹ̀, ó ta á lẹ́nu. Ó ní scent leaf yìí mà le o. Mo ní àjàṣẹ́ ni.