Bátìrì ti wa mọ́tò rí: ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọkọ̀ oníná mànàmáná

Ní ìsọ̀ oníbátìrì kan nítòsí Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́, awakọ̀ méjì tí wọ́n wá ṣájì bátìrì ń jiyàn lórí mọ́tò tó ń fi iná mànàmáná rìn. Ọ̀kan ní kò ní pẹ́ mọ́ tí epo bẹntiróòlù yóò fi di ohun ìgbàgbé. Èkejì ní ọkọ̀ òyìnbó tuntun yẹn kò lè rìn níbi tí iná tí a fi ń tan gílóòbù kò ti tó. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn méjèèjì gbà pé ohun tuntun ni, bẹ́ẹ̀ bàbá ńlá ọkọ̀ náà ló wà nílẹ̀ níwájú wọn, tí oníbátìrì ṣí ìdérí rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí omi ásíìdì inú rẹ̀ sì ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí iná ṣe ń wọlé.

Láàárín ọdún 1830 sí 1840 ni Robert Anderson, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ti ṣe ọkọ̀ kan tí bátìrì ń tì, ṣùgbọ́n bátìrì ìgbà náà kò ṣeé ṣájì: bó bá ti tán, ó tán nìyẹn. Gaston Planté, ará Faransé, ló wá nǹkan ṣe sí i ní 1859, nígbà tó ri awo òjé bọ inú ásíìdì, tó sì rí i pé agbára tó ti lọ lè padà wọlé. Ìlànà yẹn gan-an ló wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì àwọn Micra tó ń ná ọ̀nà Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́ títí dòní. Ní 1881, Camille Faure mú kí bátìrì náà gba agbára sí i; ọdún yẹn kan náà ni Gustave Trouvé gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta oníná jáde sí òpópónà Paris. Karl Benz, tí a máa ń dárúkọ bí ẹni pé òun ló bí mọ́tò, kò tọrọ ìwé àṣẹ lórí ọkọ̀ elépo tirẹ̀ ní Jámánì títí di 1886.

Ọkọ̀ oníná gbayì nígbà náà ju bí a ti rò lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1899, Camille Jenatzy, ará Bẹ́ljíọ̀mù, fi ọkọ̀ oníbátìrì sáré kọjá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, mọ́tò àkọ́kọ́ tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ láyé. Nínú ọkọ̀ 4,192 tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1900, 1,681 ló ń fi agbára omi híhó rìn, 1,575 ló ń lo iná, àwọn elépo kò ju 936 lọ. Ọkọ̀ elépo ń rùn, ó ń pariwo, ẹni tó bá sì fẹ́ tan án ní láti dúró níwájú rẹ̀ kí ó máa fi ọwọ́ yí irin kan tó lè ta padà kó ṣẹ́ni lápá.

Kí ló wá ṣẹ́gun ọkọ̀ oníná? Epo rọ̀bì tú jáde ní Spindletop, ní Texas, ní 1901, epo sì di ọ̀pọ̀. Henry Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ta Model T ní 1908. Èyí tó dùn mí jù ni ti 1912, nígbà tí sítátà tí Charles Kettering ṣe wọ inú ọkọ̀ Cadillac. Ẹ́ńjìnnì kékeré oníná ni sítátà, bátìrì ló ń yí i, òun ló sì gba iṣẹ́ irin tí a ń fi ọwọ́ yí. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló kúkú ń gbé. Ọkọ̀ elépo sì tún lè gba epo inú kẹ́ẹ̀gì ní oko, níbi tí wáyà iná kò dé, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ abúlé Amẹ́ríkà ni kò ní iná títí di nǹkan bí 1935. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń jiyàn dúró sí: ọkọ̀ náà dára, ibi tí yóò ti jẹun ni kò sí.

Bátìrì lithium, irú èyí tó wà nínú fóònù wa, tí Sony gbé sọ́jà ní 1991, ló jí ọkọ̀ oníná dìde. Ó fúyẹ́ ju ti òjé lọ, ó sì ń gba agbára jù ú lọ. Òun ni Tesla fi ṣe Roadster ní 2008, tí Nissan sì fi ṣe Leaf ní 2010.

Ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀, tí a sábà máa ń dárúkọ pọ̀ mọ́ ọkọ̀ oníná, ìtàn tirẹ̀ kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Láàárín 1980 sí 1990, Ernst Dickmanns fi kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà sínú ọkọ̀ kan ní Jámánì, kí ó lè máa tẹ̀ lé ìlà tí a fi ọ̀dà fà sójú títì. Ní 2004, iléeṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà kó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ 15 jọ fún ìdíje ní aṣálẹ̀ Mojave. Kò sí ọ̀kan tó parí ìrìnnà náà, èyí tó lọ jìnnà jù kò ju kìlómítà 12 lọ nínú èyí tó lé ní 220. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, márùn-ún parí rẹ̀, ti yunifásítì Stanford ló sì gbapò kìíní. Iyàn orí eléyìí le lójú mi, nítorí ní Tákíè, awakọ̀ kì í wo ìlà. Ojú ọlọ́kadà, ọwọ́ ìyá tó fẹ́ sọdá, àti fèrè ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń kà.

Ní ti iná, oníbátìrì yẹn ti ń dáhùn láìsọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó epo jẹnẹrétọ̀ sì di ẹrù sí i lọ́rùn, ó ti to sólà mẹ́rin sórí páànù ìsọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn bátìrì ti ń jẹun. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún un tán, ohun kan ṣoṣo ló bi mí: ìdérí mélòó ni bátìrì ọkọ̀ oníná ní, tí òun yóò fi máa bomi sí i? Mo ní kò ní ọ̀kankan. Ó wo ike ásíìdì rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wádìí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ tirẹ̀.”