Oríkèé Apá Iwájú fún Ọkọ̀ Eré Àfọwọ́kọ́

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fúnra wọn kọ́ ọkọ̀ eré ní Adó-Èkìtì sábà máa ń bi àwa oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni bí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì iwájú, ìyẹn oríkèé oníbọ́ọ̀lù tó so táyà mọ́ apá, ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ọ̀nà tí agbára ń gbà láti ilẹ̀ wọ táyà, láti táyà dé oríkèé, àti láti oríkèé wọ inú fíréèmù ni kí a kọ́kọ́ tọpa rẹ̀, nítorí pé oríkèé kékeré tí agbára ń fà tàbí tì tààrà máa ń lálòpẹ́ ju oríkèé ńlá tí agbára ń tẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọkọ̀ kan tó wúwo tó kílò 700, tó ní apá òkè àti apá ìsàlẹ̀, ìyẹn àwọn irin tó so táyà mọ́ fíréèmù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú kọ̀ọ̀kan. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì gidigidi lórí ọ̀dà gbígbẹ, táyà iwájú kan lè fi agbára tó tó ìwúwo kílò 230 di ilẹ̀ mú. Bí oríkèé ìsàlẹ̀ bá wà ní mìlímítà 150 sí ilẹ̀, tí ti òkè sì wà ní mìlímítà 400, agbára tí yóò fa ti ìsàlẹ̀ sẹ́yìn yóò tó nǹkan bíi kílò 370, ti òkè yóò sì máa gba nǹkan bí 140 tó ń tì í síwájú. Ohun tó fà á ni pé kálípà, ìyẹn ẹ̀yà bíréèkì tó ń fún díìsì mú, wà lára irin ìdí táyà tí oríkèé méjèèjì so mọ́, bíréèkì sì fẹ́ yí irin náà po pẹ̀lú táyà. Bí oríkèé méjèèjì bá ṣe súnmọ́ ara wọn tó ni ẹrù náà ṣe ń pọ̀ sí i.

Ti kòtò tún yàtọ̀. Ìlọ́po mẹ́ta ìwúwo tó wà lórí táyà ni a sábà máa ń ṣírò fún ìjálù, n kò sì gbà kó dín ní ojú ọ̀nà tiwa. Táyà tó ru kílò 175, bí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ bá jókòó sí agbedeméjì apá ìsàlẹ̀, ilọ́po méjì ni ṣọ́ọ̀kì náà ń rù. Bó bá já sí kòtò, ó ti lé ní kílò 1000 tó ń gbìyànjú láti tẹ apá náà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì súnmọ́ oríkèé òde bó bá ti lè ṣeé ṣe tó.

Ibí yìí ni yíyan bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ti ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Ti Toyota Corolla pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n lára Corolla, ṣọ́ọ̀kì àti sípíríńgì ló gbé ìwúwo ọkọ̀ lé ìdí táyà tààrà. Bọ́ọ̀lù ìsàlẹ̀ kàn ń tọ́ táyà sọ́nà ni. Bí ẹ bá lò ó fún ọkọ̀ tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ fẹsẹ̀ lé apá ìsàlẹ̀, ẹrù tí wọn kò ṣe é fún ni ẹ dì lé e. Honda Accord láti àárín àwọn ọdún 1990 títí dé 2012, títí kan èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí End of Discussion, ní apá méjì, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sì fẹsẹ̀ lé ti ìsàlẹ̀. Bọ́ọ̀lù irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń dábàá. Ẹ jẹ́ kó kọjú síbi tó kọjú sí lára ọkọ̀ tó ti wá, nítorí pé bí a bá dorí rẹ̀ kodò, ẹrù tó yẹ kó máa tì í wọlé lè máa fà á jáde.

Àwọn mìíràn fẹ́ràn rod end, ìyẹn oríkèé onírin tó ní bọ́ọ̀lù nínú ojú rẹ̀, tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ ìdíje. N kò bá wọn jiyàn bó bá jẹ́ ní ìdí apá, lára fíréèmù. Ṣùgbọ́n ní òde apá ìsàlẹ̀, n kò fọwọ́ sí i rárá. Ọrùn rẹ̀ oní-tírẹ́ẹ̀dì ni ibi tó lẹ jù, bíréèkì á sì máa tẹ ọrùn náà títí yóò fi kán. Púpọ̀ nínú wọn kò ní rọ́bà ìbòrí, eruku pupa ilẹ̀ wa kì í sì í pẹ́ jẹ wọ́n. Níbikíbi tí ẹ bá ti lò ó, ẹ fi wáṣà tó fẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ há a, kí apá má baà bọ́ pátápátá bí bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ bá yọ.

Igun tí irin fíréèmù ti pàdé ni kí wẹ́dà jó etí ìsopọ̀, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí bóòtù apá ń gbà kọjá, mọ́, kì í ṣe agbedeméjì irin kan ṣoṣo. Kí etí náà jẹ́ méjì, nítorí pé bóòtù tó gbára lé etí kan á máa tẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wà láàárín etí méjì gbọ́dọ̀ gé níbi méjì kó tó já. Ẹ wá àmì 8.8 lórí bóòtù; 8 àkọ́kọ́ túmọ̀ sí pé ó lè gba 800 MPa (ìwọ̀n agbára tó ń fa irin) kó tó já, èkejì sì ń sọ pé ìdá 80 nínú 100 agbára yẹn ni yóò gbà kó tó nà láìpadà sípò. Níbi tó bá ti gba inú irin oníhò kọjá, ẹ jó páìpù kékeré sínú irin náà kó má baà rún bí ẹ bá ń dè é. Bọ́ọ̀ṣì rọ́bà, èyí tó wà ní ìdí apá, ní tirẹ̀, a kì í dè é pa nígbà tí táyà ṣì ń rọ̀; ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, kó ru ìwúwo rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rọ́bà náà á wà ní lílọ́ títí yóò fi ya.

Kí ẹ tó fi sípíríńgì sí i, ẹ gbé táyà sókè sódò, kí ẹ wò bóyá ó ń yà fúnra rẹ̀. Bó bá ń yà, ìdí ọ̀pá sítíárìn ni kí ẹ sún, ẹ fi apá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà láti orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan dé ara etí rẹ̀, kí ẹ wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́ láti Adó dé Ìkéré, kí ẹ sì yẹ gbogbo ìlà náà wò kí ẹ tó padà.