Ìwé àdéhùn ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè

"Ṣé ó tiẹ̀ fẹ́ràn ọkọ rẹ̀?" Ìbéèrè táwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí nípa Jadwiga, ọba Pólàndì, nìyẹn. Mi ò bá wọn wí. Àmọ́ ní ìdí iṣẹ́ ìtàn, ìwé àdéhùn la kọ́kọ́ ń béèrè: àwọn wo ló jọ fọwọ́ sí i, èló ni wọ́n dá lé e, kí ni ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ máa san?

Ọba ni mo pè é, ẹnu mi ò ṣì. Ọjọ́ 16, oṣù kẹwàá, ọdún 1384, wọ́n dé ọmọbìnrin tí kò ju nǹkan bí ọdún mọ́kànlá lọ ládé ní Kraków. "Rex", ìyẹn ọba lédè Látìn, ni wọ́n fi jẹ. Àwọn ìjòyè fẹ́ kó hàn pé òun gan-an ló ni ìtẹ́, kì í ṣe aya ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fi í fọ́kọ tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1378, bàbá rẹ̀ Louis, tó ń jọba Húngárì àti Pólàndì pọ̀, ti bá ìdílé Habsburg, àwọn olórí Ọ́sítríà, ṣàdéhùn pé William ọmọ wọn ló máa fẹ́ ẹ. Ìyàwó ò tíì ju nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rin lọ! Owó ìtanràn ẹni tó bá yẹ̀ jẹ́ 200,000 florin, owó wúrà.

Ṣùgbọ́n òfin ìjọ Kátólíìkì ayé ìgbà yẹn ya "màá fẹ́ ọ" sọ́tọ̀ kúrò lára "mo fẹ́ ọ". "Màá fẹ́ ọ" ni wọ́n máa ń ṣe fọ́mọdé. Tí obìnrin bá ti pé ọdún méjìlá, tí ọkùnrin pé mẹ́rìnlá, ó lè ní òun ò ṣe mọ́. Ibẹ̀ làwọn ìjòyè Pólàndì gbà wọlé. Jogaila, olórí Lituéníà tó ṣì ń bọ òrìṣà ilẹ̀ rẹ̀, ni wọ́n fojú sí. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, ọ̀tá kan náà, àwọn jagunjagun ìjọ Teutonic, ló sì ń yọ tọ̀tún tòsì lẹ́nu.

Ìwé tí wọ́n kọ ní Krewo, ìlú kan ní Lituéníà ìgbà yẹn, ọjọ́ 14, oṣù kẹjọ, ọdún 1385, ni mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́. Jogaila máa ṣèrìbọmi, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀. Á tú àwọn Kristẹni tó wà nígbèkùn sílẹ̀. Á fi ilẹ̀ rẹ̀ kún ti adé Pólàndì. "Applicare" ni wọ́n kọ síbẹ̀ fún "fi kún" yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo táwọn onímọ̀ ìtàn ò tíì jà tán lé lórí. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni 200,000 florin: ọkọ tuntun ló máa san ìtanràn fún ọkọ àná.

Ọjọ́ 15, oṣù kejì, ọdún 1386, ó ṣèrìbọmi. Ní ọjọ́ 18, wọ́n gbé ìyàwó. Wọ́n ní Jadwiga ti gba àáké lọ́wọ́ ẹnì kan rí, kó lè fi fọ́ ilẹ̀kùn ààfin, kó sì bá William lọ. Ìtàn náà dùn, àmọ́ wọn ò tíì bí Jan Długosz, òpìtàn Pólàndì tó kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà náà.

Jadwiga kú lóṣù keje ọdún 1399, lẹ́yìn ìbímọ. Ọmọ náà ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Jogaila wá di àlejò lórí ìtẹ́ tí ìyàwó gbé e dé. Lọ́dún 1402 ó fẹ́ Anna ará Celje. Ẹ má bi mí bóyá ó rẹwà: ọmọ-ọmọ Casimir Kẹta ni, ọba Pólàndì tó jẹ ṣáájú Louis.