Bakitéríà tó ń jẹ ọ́ìlì inú ilẹ̀

Wo ilẹ̀ ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Iléṣà: ó dúdú, ó le gbagidi, koríko kì í fẹ́ hù níbẹ̀. Ọ́ìlì tí wọ́n tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́ńdẹ́m, ló mu ún yó. Síbẹ̀, àwọn bakitéríà kan ń gbé inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ọ́ìlì gan-an ni oúnjẹ wọn. Pseudomonas jẹ́ ọ̀kan. Kábọ́ọ̀nù inú ọ́ìlì ni wọ́n fi ń dàgbà. Wọ́n á máa já a wẹ́wẹ́ títí yóò fi di omi àti irú afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta. Fífi wọ́n wẹ ilẹ̀ mọ́ báyìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní bioremediation.

Kí ló wá dé tí ilẹ̀ náà kò fi mọ́ fúnra rẹ̀? Kábọ́ọ̀nù pọ̀ nínú ọ́ìlì, ṣùgbọ́n náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò tó, bakitéríà kò sì lè pọ̀ láìsí wọn. Ẹni tí wọ́n gbé iyán fún láìsí ọbẹ̀, mélòó ni yóò jẹ? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da ìgbẹ́ adìẹ tàbí ajílẹ̀ sí i, tí wọ́n ń wọ́n omi, tí wọ́n sì ń tú ilẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Exxon Valdez da epo sómi Alaska ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1989, ajílẹ̀ ni wọ́n fọ́n sí etíkun kí àwọn bakitéríà tó wà níbẹ̀ lè yára jẹ epo náà.

Afẹ́fẹ́ yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ní ilẹ̀ Ogoni, àyẹ̀wò UNEP, àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí àyíká, lọ́dún 2011 fi hàn pé epo ti wọlẹ̀ tó mítà 5 láwọn ibì kan, bẹ́ẹ̀ òkè ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tú, afẹ́fẹ́ kò sì dé ìsàlẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí àwa Ìjẹ̀ṣà tẹ́tí sí jù lọ rèé, nítorí àwọn tó ń wa góòlù lágbègbè wa: bakitéríà kò lè jẹ òjé, kò sì lè jẹ mẹ́kúrì tí wọ́n fi ń yọ góòlù run. Àwọn kan tiẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ odò tó ń sọ mẹ́kúrì di oríṣi tó tún léwu jù, tó ń wọ ara ẹja, tó sì ń ti ara ẹja dé ara ẹni tó jẹ ẹ́. Kọ́ńdẹ́m náà máa ń ní irin bí òjé nínú. Bí bakitéríà bá jẹ ọ́ìlì rẹ̀ tán, tí koríko tún hù, irin yẹn ṣì wà nínú ilẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó gbin ẹ̀fọ́ sí ibi tí mẹkáníìkì ti ṣiṣẹ́ rí, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ní láàbù.