Mímú pírósẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà tutù àti dídín ariwo fáànù kù

Pírósẹ́sọ̀ ni ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo iná tó bá jẹ ló ń di ooru. Fáànù ló sábà máa ń lé ooru náà jáde, òun náà ló sì ń pariwo. Ní Àbújá àti àríwá Nàìjíríà, ohun méjì ló ń mú fáànù pariwo ju bó ṣe yẹ lọ: ooru inú yàrá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, àti eruku ọyẹ́.

Bí ooru ṣe ń jáde

Ooru máa ń gba inú thermal paste, ọ̀rá fẹ́lẹ́ tó ń dí àlàfo, kó tó dé ara heat sink, irin tó ń gba ooru lára pírósẹ́sọ̀. Bàbà tàbí alumíníọ́mù ni wọ́n fi ń ṣe heat sink, pẹ̀lú àwọn ewé irin pẹlẹbẹ tó tò sún mọ́ra kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn kọjá. Nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká, ọ̀pá bàbà oníhò ló ń gbé ooru lọ sí etí ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń lo 486, pírósẹ́sọ̀ Intel tó jáde ní 1989, ló ṣiṣẹ́ láìsí fáànù lórí pírósẹ́sọ̀. Láti ìgbà Pentium, pírósẹ́sọ̀ tó tẹ̀ lé e ní 1993, ni fáànù ti wá wọ́pọ̀.

Afẹ́fẹ́ yàrá ni òpin ohun tí fáànù lè ṣe. Ká ní pírósẹ́sọ̀ kan ń jẹ wáàtì 65, tí heat sink rẹ̀ sì ń fi 0.5°C lé ooru yàrá fún wáàtì kọ̀ọ̀kan. Nínú yàrá 24°C, á dúró sí nǹkan bí 56°C. Nínú yàrá 38°C tí ẹ̀rọ amúlétutù kò ṣiṣẹ́, á lé ní 70°C. Iṣẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n fáànù á ti máa sáré. Bí ooru bá dé nǹkan bí 100°C, ọ̀pọ̀ pírósẹ́sọ̀ Intel Core á dín eré ara wọn kù. 95°C ni ààlà ti ọ̀pọ̀ pírósẹ́sọ̀ Ryzen 7000 ti AMD.

Ariwo

Bí fáànù bá sáré dé ìlọ́po méjì, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n agbára tó ń jẹ á di ìlọ́po mẹ́jọ, ariwo rẹ̀ á sì fi nǹkan bí dẹ̀síbẹ̀lì 15 lé sí i. Dẹ̀síbẹ̀lì 10 péré ti tó kí etí kà á sí ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tí fáànù 120 mm tó ń yí jẹ́jẹ́ fi sàn ju ti 80 mm tó ń sáré àsápajúdé lọ.

Fáànù tó ń lọ sókè sódò léraléra máa ń dani láàmú ju èyí tó dúró sójú kan, bí èyí tilẹ̀ pariwo jù ú lọ díẹ̀. A lè ṣàtúnṣe rẹ̀ nínú BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó bẹ̀rẹ̀, kí fáànù máa dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó sáré sí i. Fáànù oníwáyà mẹ́rin ló dára jù fún èyí, nítorí wáyà kẹrin ń gba àṣẹ ní 25 kHz, tí etí ènìyàn kò lè gbọ́. Bí fáànù bá ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ, tó sì dákẹ́ nígbà tó bá gbóná, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òróró inú bearing rẹ̀, ibi tí ọ̀pá fáànù ti ń yí, ti gbẹ.

Ní ọ̀sán tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ń ké, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ fáànù. Òru tí NEPA bá mú iná wá ló máa ń di wàhálà fún ẹni tó ń gbohùn sílẹ̀ nínú ilé.

Ọyẹ́

Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, ọyẹ́ máa ń gbé eruku wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Maiduguri àti Kano máa ń rí i ju Àbújá lọ. Kì í sábà hàn lóde: àárín fáànù àti ewé irin ló ń kóra jọ sí, tí á le pọ̀ bí òwú tí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹni tó bá kàn fi blower fẹ́ ẹ láti ìta lè ti òwú yìí padà sínú fáànù. Ó sàn kí wọ́n tú fáànù, kí wọ́n fi ìmúga fa eruku náà yọ lódindi, kí wọ́n tó fẹ́ ìyókù. Kí wọ́n fi ìka di apá fáànù mú nígbà tí wọ́n bá ń fẹ́ ẹ, nítorí atẹ́gùn blower lè mú un sáré kọjá agbára bearing rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, iná ara (static) tó lè ba ẹ̀yà kọ̀ǹpútà jẹ́ sì máa ń ta nígbà náà; fífọwọ́ kan irin ara kọ̀ǹpútà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ń dín ewu rẹ̀ kù. Irú iṣẹ́ yìí wọ́pọ̀ ní Banex Plaza ní Wuse 2, níbi tí Yorùbá, Haúsá àti Ígbò ti jọ ń ta kọ̀ǹpútà tí wọ́n sì ń tún un ṣe.

Jos yàtọ̀ díẹ̀. Ó ga tó nǹkan bí mítà 1,200, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì fúyẹ́, tí kì í fi lè gbé ooru tó bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n òtútù ibẹ̀ ń dí àdánù yẹn.

Àwọn ọ̀nà mìíràn

Ooru pírósẹ́sọ̀ ń tẹ̀ lé ìlọ́po ara fólítéèjì rẹ̀, nítorí náà dídín fólítéèjì kù díẹ̀ lè mú fáànù dákẹ́. Nínú Windows, fífi agbára pírósẹ́sọ̀ sí 99% ń pa turbo, eré àfikún pírósẹ́sọ̀, lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Èyí tún wúlò fún ẹni tó ń lo inverter. Ìtutù olómi wà, ṣùgbọ́n fáànù ṣì ń fẹ́ radiator rẹ̀, irin tí omi ti ń tú ooru sílẹ̀, pọ́ǹpù rẹ̀ náà sì ń dún. MacBook Air M1 ti 2020 kò ní fáànù rárá. Bí yàrá bá gbóná tí iṣẹ́ sì pọ̀, eré rẹ̀ ló ń dín kù.