Kì í ṣe ẹ̀yìn póìǹtì ni prec ń kà

Ìdí tí 0.1 + 0.2 kì í fi í jẹ́ 0.3 géérégé lórí kọ̀ǹpútà ti sú gbogbo ayé. Ẹni tó bá ń fi Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣírò owó ti mọ̀ pé decimal, irinṣẹ́ inú rẹ̀ fún ìṣirò géérégé, ló yẹ kí òun lò. Wàhálà kù sí ìlà kan ṣoṣo, èyí tó ń fi prec sọ bí èsì decimal ṣe gbọ́dọ̀ péye tó:

getcontext().prec = 2

Èrò ọ̀pọ̀ ni pé kọ́bọ̀ ni 2 yẹn dúró fún. Ẹ wá ro Decimal('1250.75') pọ̀ mọ́ Decimal('100.50'). 1351.25 ló yẹ kó jẹ́. Ohun tí Python máa gbé síta ni 1.4E+3, ìyẹn 1400, nítorí ó sún un sókè. Egbèje náírà! ₦48.75 ti gorí owó, kò sì sẹ́ni tó san án.

Ìjókòó dáńfó ni prec ń kà, àwọn nọ́ńbà inú iye náà sì ni èrò ọkọ̀. Àwọn àgbà ló ń kọ́kọ́ wọlé: ẹgbẹ̀rún, lẹ́yìn náà ọgọ́rùn-ún. Bí ìjókòó méjì bá ti kún, àwọn tó kù wà nílẹ̀ ní gáréèjì nìyẹn, tọmọ kọ́bọ̀ tọmọ náírà. Póìǹtì kì í ṣe èrò ọkọ̀. Òdo tó bá ṣáájú náà kì í gba ìjókòó, ló fi jẹ́ pé 0.00012345 yóò di 0.00012, tí kò ní di 0.00.

Ibi tí kọ̀ńdọ́ dúró sí ló dùn jù. Kò sí lẹ́nu ọ̀nà ìwọlé. Decimal('1250.75') wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sẹ́ni tó kà á. Ìgbà tí ìṣirò bá wáyé ló ń ka orí, àní bó ṣe àmì + lásán lẹ fi síwájú rẹ̀. Ó ń ya ni lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ni: ohun tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kò ní sọnù.

Ìjókòó 28 ni Python fúnra rẹ̀ máa ń ní. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ìṣirò bá parí, kí ẹ tó kọ owó síta, quantize(Decimal('0.01')), tó ń fi nọ́ńbà méjì péré sílẹ̀ lẹ́yìn póìǹtì, ló mọ ọ̀rọ̀ kọ́bọ̀.

A ò lè dá àwọn tó ṣì í lẹ́bi jù. Nínú bc, ètò ìṣirò kan tó ti wà tipẹ́ lórí àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lo Unix, scale ni wọ́n ń lò, ẹ̀yìn póìǹtì gan-an ló sì ń kà. Bí scale bá jẹ́ 2, 200/3 yóò jẹ́ 66.66, nítorí ńṣe ni bc ń gé e dànù, kì í sún un sókè. Python tó ní prec 2 yóò ní 67 ni.